Igi Àràbà Tí Odídẹrẹ́ Kankan Kò Sùn Sí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà lórí gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Benin níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ lè rí orúnkún mi lórí ilẹ̀. Mo kí Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Bísí tó ń tọ́jú yín, mo sì kí àwọn ọmọ wọn tí kì í fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun ibùsùn yín. Àǹtí Bísí ní ẹ ti padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀yin ní irọ́ ni. Màámi, mo gbọ́ ìró máṣíìnì lẹ́yìn ohùn yín nígbà tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ìhín kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ó máa rọ̀ láàárọ̀, oòrùn á yọ díẹ̀, ó tún máa bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa Oregbeni, níbi tí mò ń gbé, ti sọ gbogbo bàtà mi di àwọ̀ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ń lọ. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko igbó ní yunifásítì, mo sì ń ya fọ́tò ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá ń fò, iṣẹ́ tí ẹ ti bi mí léèrè títí pé ta ní ń sanwó rẹ̀. Ní ti ìdánìkangbé, n kò ní parọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má sọ Yorùbá àfi pẹ̀lú yín lórí fóònù. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì mi pàápàá, tí mo bá kí wọn ẹ káàárọ̀, pijin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi títí ó fi sú yín lórí ọ̀rọ̀ Rótìmí, ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó ń ta táyà ní Iyaro ní Benin níbí. Ẹ ní àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ wá fojú kan ẹbí wa, kí wọ́n máa bọ̀ ni àbí kí wọ́n jókòó sílé? Mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná, n kò sì sọ ìdí. Ìdí náà ni mo fẹ́ sọ báyìí, nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Benin, níbi tí gbogbo èèyàn máa ti kà á. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó fà á tí n kò fi kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi, nítorí inú iṣẹ́ náà ni ọ̀ràn ti wá.

Odídẹrẹ́ ni ẹyẹ tí mò ń bá ṣe jù. Èyí tí ẹ mọ̀ ni ti inú àgò, tó ń kí àlejò, tó sì ń bú olówó rẹ̀. Ti inú igbó yàtọ̀. Ojú máa ń tì í, ẹ̀rù sì máa ń bà á. Tó bá rí èèyàn níbi tí kò ti rí èèyàn rí, yóò yà bàrá kí onítọ̀hún tó gbé ọwọ́ sókè. Òkè lọ́hùn-ún ló máa ń gbà, tààrà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kíkankíkan, tó ń súfèé lọ. Ẹ ó gbọ́ ìfé náà, ẹ ó wòkè, ìrù pupa rẹ̀ nìkan lẹ ó rí.

Ẹni tó bá ń sá tẹ̀ lé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò ní ya ohunkóhun. Ọ̀nà rẹ̀ lèèyàn ń kọ́. Láàárọ̀, wọ́n á kúrò níbi tí wọ́n sùn, wọ́n á lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà. Wọn kì í fẹ́ yí ọ̀nà náà padà. Mo wá àlàfo kan láàárín àwọn igi, lókè àfonífojì odò Ikpoba, tí wọ́n máa ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni mò ń dúró sí, pẹ̀lú aṣọ kan náà lójoojúmọ́, èyí tó láwọ̀ ewé gbígbẹ tí ẹ rán fún mi, títí àwọn ẹyẹ fi kà mí mọ́ igi. Oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mi kó lè tàn sí wọn lára. Màá ti fi kámẹ́rà mú orí igi kan tí jíjìn rẹ̀ tó ti ibi tí wọ́n máa gbà, kí kámẹ́rà má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn kiri nígbà tí wọ́n bá dé. Lẹ́yìn náà, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì múlẹ̀, màá máa yí ìbàdí bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú kámẹ́rà. Tí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn náà fi máa ń ṣí. Nígbà tí ẹ ń kọ́ wa ní ìránṣọ, ẹ máa ń sọ pé kí a má wo abẹ́rẹ́, ibi tí aṣọ ń lọ ni kí a wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Òfin kan wà láàárín àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: a kì í sọ ibi tí ẹyẹ ń sùn. A lè fi fọ́tò hàn, a lè sọ pé a rí i lágbègbè Benin, ó parí. Ìdí ni pé gbogbo agbo odídẹrẹ́ máa ń sùn pọ̀ sórí igi mélòó kan. Àwọn tó ń mú wọn tà sì pọ̀, bí òfin tilẹ̀ kà á léèwọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibùsùn wọn ti kó gbogbo wọn tán. Ibi tí àwọn tèmi ń sùn, èmi kò sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, Màámi, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Nítorí náà, ìfura ti di ara iṣẹ́ mi. Àwọn ará ìlú náà sì ń fura sí mi. Ní Iyaro, bàbá onílé kan rí mi pẹ̀lú kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ gùn bí apá, ló bá gbé àga jáde fún mi. Mo rò pé ọ̀yàyà ni. Ìgbà tí mo jókòó tán ló wá ń fi pijin bẹ̀ mí pé Madam, kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun sọ fún àwọn ọ̀gá mi ní ìjọba pé ògiri òun kò yọ sí títì, kí wọ́n má fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára. Mo ní ẹyẹ ni mò ń yà. Ó wòkè, kò rí nǹkan kan, wọ́n ti kọjá. Ó ní Madam, èwo ni ẹyẹ? Ó ní kí n sọ iye tí mo fẹ́ gbà. Ní títì Ekenwan ńkọ́, nítòsí bárékè àwọn ṣọ́jà, n kì í yọ kámẹ́rà náà nínú àpò rárá. Kò sí ẹyẹ tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀.

Irú èèyàn tí mo ti dà nìyẹn nígbà tí ẹ fi Rótìmí ránṣẹ́ sí mi. Mo fura sí i kó tó jókòó, nítorí ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ ní ó kàn fẹ́ bá yín gbé aṣọ wá fún mi ni. Ta ló máa ń wọ bàtà tuntun torí àtigbé aṣọ? Kó tó kí mi dáadáa, ó ti fi àtàǹpàkò tẹ táyà mọ́tò mi, ó ní èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì ti fẹ́ pa mí. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi, mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Dókítà Ẹyẹ. Ó ní ọsibítù wo làwọn aláìsàn mi máa ń wá, ṣé wọ́n máa ń tò sórí ìlà?

Mo gbádùn rẹ̀, Màámi. N kò ní sẹ́. Ó máa ń wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì sọ Yorùbá títí ẹnu á fi rọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í yé béèrè: níbo ni àwọn ẹyẹ yìí ń sùn gan-an? Mo sọ òfin wa fún un. Ó ní ó yé òun, pé òun náà kì í sọ ibi tí òun ti ń ra táyà fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè. Ó ní òun kò ní sọ fún ẹnì kankan. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ó kàn wu òun láti mọ̀ ni. Ẹni tó bá kàn wù láti mọ̀ máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ni; bí mo ṣe rò ó nínú ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé mọ́ínmọ́ín wá bá mi níbi tí mo ti ń dúró de àwọn ẹyẹ. Wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́ lókè, mo ti múra, ló bá pariwo láti ẹ̀yìn pé Dókítà, oúnjẹ dé o! Gbogbo wọn yà sápá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Inú bí mi débi pé n kò jẹ mọ́ínmọ́ín náà níṣojú rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀ mí ló ń wo apá ibi tí wọ́n yà sí. Ìyẹn gan-an ló dà mí láàmú ju ariwo lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo ya fọ́tò kan tó já mi láyà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ìmọ́lẹ̀ mọ́ gaara. Nígbà tí mo délé tí mo fi kọ̀ǹpútà sọ fọ́tò náà di ńlá, mo rí i pé ìyẹ́ apá òsì ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà ti lẹ̀ pọ̀. Nǹkan dúdú tó ń dán wà lára ìyẹ́ náà, ohun tíńtín aláwọ̀ òféfèé sì lẹ̀ mọ́ ọn, tí mo rò pé òdòdó igi ni. Ojú lásán kò lè rí i láé, torí bí apá náà ṣe ń yára. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́. Àtè ni, Màámi, àtè tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa máa ń fi oje igi sè, tí wọ́n á fi ra igi tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi mú ẹyẹ. Ẹnì kan ti ń dẹ àtè sí odídẹrẹ́ mi. Ẹyẹ yẹn já bọ́ nínú rẹ̀ ni, ó ń fi apá kan àti ààbọ̀ fò. Mélòó ni kò já bọ́?

Èèyàn kan péré ló ti bi mí léèrè ibi tí wọ́n ń sùn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí Rótìmí bá ṣe ló di ẹ̀rí. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, tó bá jáde síta gbà á, màá fetí sí ògiri. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ẹnì kan pé gbogbo wọn pátá lòun máa kó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé kí ó má fòyà, kò sí èyí tó fara bó nínú wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó ń ta táyà lè máa sọ̀rọ̀ táyà. Bó bá bi mí bóyá mo sùn dáadáa, mo rò pé ó fẹ́ mọ ìgbà tí mo máa ń jí ni. Ìgbà yẹn ni mo ní kí ẹ sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù.

Mo wá ṣe ohun tí a kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Tí a kò bá mọ ohun tó fa nǹkan, a máa ń yí ohun kan ṣoṣo padà, a ó sì máa wò ó. Igi àràbà ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ odò Ikpoba, lẹ́yìn ibi ìlapákó àtijọ́ kan. Mo ti mọ igi náà tipẹ́, kò sí odídẹrẹ́ tó ń sùn sórí rẹ̀. Mo sọ fún Rótìmí, òun nìkan, pé ibẹ̀ ni. Mo mú ohùn mi walẹ̀ bí ẹni tó ń tú àṣírí. Ó tún àpèjúwe náà sọ fún mi kó má baà gbàgbé, ìlapákó, ọ̀nà tóóró, àràbà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹ ṣé, Dókítà, pé òun mọ̀ pé kò rọrùn fún mi. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá fi rí àtè lórí igi yẹn, mo ti mú un.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo igi náà láàárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì. N kò rí àtè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń wá síbẹ̀. Ipasẹ̀ bàtà wà nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ṣán koríko ìdí igi náà, ó sì gbé táyà ògbólógbòó kan síbẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi táyà ṣe? Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo wá pinnu pé orí rẹ̀ ló máa dúró láti fi nawọ́ gán ẹ̀ka. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wí. Mo fagi lé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé kámẹ́rà mi, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn pákó tó ti jẹrà.

Rótìmí dé bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́, ó sì wọ awò sójú, ohun tí n kò rí lójú rẹ̀ rí. Ó jókòó sórí táyà náà. Ó gbójú sókè. Mo fi ojú kámẹ́rà gígùn mú un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń fi mú ẹyẹ, mo ń retí ohun tó máa yọ nínú àpò. Ẹ̀pà ló yọ. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wo orí igi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ó yọ fóònù, ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó nu awò rẹ̀. Ó tún wòkè.

Ẹsẹ̀ mi tẹ pákó kan, ó ṣẹ́. Ó yíjú padà, ó rí mi. Màámi, n kò mọ ohun tí mo ń retí pé ó máa ṣe. Ìka ló gbé lé ẹnu, ó ní kí n rọra. Ó fi ọwọ́ pè mí, ó ṣípò lórí táyà fún mi, ó wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n má dá wọn níjì bí òun ti ṣe lọ́jọ́ mọ́ínmọ́ín. Ó ní wọn kò tíì dé lónìí náà. Ó ní ojoojúmọ́ tí òun bá ti ṣọ́ọ̀bù lòun ń wá. Ó ní kí n má bínú pé òun ń béèrè ní gbogbo ìgbà yẹn. Pé tí mo bá ń nàka sí wọn lókè tí mo ń wí pé ẹ wò ó, ẹ wò ó, kí òun tó wòkè wọ́n á ti lọ, pé òun kò tíì fojú kan ẹyọ kan rí láti ìgbà tí a ti mọra. Òun kàn rò pé tí òun bá mọ ibi tí wọ́n ti ń sinmi, òun á lè rí ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá fọwọ́ kan awò ojú rẹ̀. Ó ní òun ti wà níbí lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, òun kò rí odídẹrẹ́ kankan. Dókítà sì ti ní ibí ni wọ́n ń sùn. Nítorí náà, ó ní, ojú òun ló ní láti jẹ́. Ó ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dára. Ó ní kò lè dára, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n ṣáà fún un ní awò kan tí kò lágbára kó lè fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti wà lórí igi báyìí, kí n fi ìka júwe wọn fún òun.

N kò lè gbé ìka mi sókè. Mo ní wọn kò tíì dé.

Mo délé, ilẹ̀ ò tètè mọ́ mi lójú. Láàárọ̀, mo ṣí fọ́tò alátè yẹn padà, mo tún wò ó, ó jọ bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò ó. Ohun tíńtín aláwọ̀ òféfèé tí mo pè ní òdòdó, òdòdó kọ́. Ìyẹ́ ni. Ìyẹ́ ẹ̀gà ni, ẹ̀gà tó máa ń pariwo, tó máa ń ya imọ̀ ọ̀pẹ láti fi hun ìtẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní mi ì bá ti dá a mọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ wọn kò dá a mọ̀, torí pé mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ mú kí n tó wo ohun tó wà níbẹ̀. Tí ìyẹ́ ẹ̀gà bá wà nínú àtè, a jẹ́ pé ẹ̀gà ni wọ́n dẹ àtè sí. Ìdí ọ̀pẹ lèèyàn sì ti ń bá ẹ̀gà jà.

Mo tẹ̀ lé ọ̀nà tí àwọn odídẹrẹ́ ń gbà lọ jẹun, títí tó fi gbé mi dé oko ọ̀pẹ kan, níwájú dáadáa lórí títì Ekenwan. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Edo, ló ni oko náà. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá ìjọba ló rán mi láti wá san owó ọ̀pẹ tí ẹyẹ bà jẹ́. Nígbà tí mo ní rárá, wọ́n ní kí ló wá dé tí mo wọ bàtà wọ oko. Wọ́n fi àwọn ọ̀pẹ náà hàn mí. Ẹ̀gà ti ya wọ́n tán, imọ̀ wọn dà bí egungun ẹja. Lóòótọ́, bàbá náà ń fi àtè sórí àwọn ọ̀pẹ náà. Mo bi wọ́n nípa odídẹrẹ́. Wọ́n ní ta ló pe odídẹrẹ́? Wọ́n ní ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn fi ọwọ́ ara àwọn tú u sílẹ̀, ó sì fi àgógó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n na ìka tó ti di egbò jáde sí mi, wọ́n ní àwọn ń retí ẹni tó máa bẹ àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sì ṣàlàyé pé tí wọ́n bá ń já ìtẹ́ ẹ̀gà dànù nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun ún, kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀gà á wá igi mìíràn. Wọ́n ní àwọn á gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa wá gun ọ̀pẹ náà.

Láti ibẹ̀ ni mo kọrí sí Iyaro. Rótìmí ń bá oníbàárà kan dúnàádúrà, mo dúró títí ó fi lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láàárín àwọn táyà, n kò yọ ohunkóhun sílẹ̀: fọ́tò, àtè, fóònù tí mo fetí sí, àràbà, pákó tí mo fara pamọ́ sí. Ó yọ awò rẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé àwọn tó yẹ ojú òun wò kò purọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, ní pẹ̀lẹ́tù. Ó ní bàbá mi tí mo ní ó ti kú, ṣé ó ti kú lóòótọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ orí tí mo sọ ńkọ́? Mo ní òun ni. Ó ní ẹ̀bà tí òun tẹ̀ lọ́jọ́sí, tí mo ní ó dùn? Mo ní ó ní kókó. Ó mi orí. Mo ní kó jẹ́ ká lọ báyìí-báyìí, kí n lọ fi ibi tí àwọn ẹyẹ ń sùn gan-an hàn án, kó fojú ara rẹ̀ rí wọn. Ó ní rárá. Ó ní òun kò fẹ́ mọ̀ ọ́ mọ́. Pé tí nǹkan kan bá ṣe àwọn ẹyẹ yẹn lọ́la, òun kò fẹ́ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibẹ̀.

Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ náà sí yín. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n sì kọ ọ́ síbi tí òun náà ti lè kà á, torí òun fẹ́ mọ̀ bóyá màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sí gbangba nìyẹn. Rótìmí, bó o bá ń kà á, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìdáhùn tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá kù sí ọwọ́ mi, kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kò kù sí ọwọ́ mi mọ́. Rótìmí ní òun máa kọ́kọ́ ṣèwádìí tòun, pé òun máa pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó bá pè, ẹ má gbèjà mi. Mo mọ̀ yín, ẹ ó fẹ́ sọ pé ọmọ yín kò mọ irọ́ pa. Ẹ má sọ ọ́. Ohun tó bá béèrè ni kí ẹ dáhùn, títí kan ọkùnrin ará Ìbàdàn tí mo já sílẹ̀ àti bí mo ṣe já a sílẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Tó bá fẹ́ pe Bọ̀dá mi náà lọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kó pè wọ́n, kí ẹ̀yin méjèèjì má sì jọ fẹnu kò ṣáájú, nítorí ó máa mọ̀.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle ta yín lọ́rẹ. Ẹ kò ní sunkún lórí ọ̀kankan nínú wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí ìyá Rótìmí, tí wọ́n bá ṣì ń jẹ́ ìkíni mi. Ẹ jẹ́ kí iná wà nínú fóònù yín.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbọ́n tó bí ìwé rẹ̀ ti pọ̀ tó,
Mojísọ́lá.